Ẹ Kí Màmá Sùúrù Kí Ẹ Tó Gún Wọn Lábẹ́rẹ́

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mi wọlé, ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ká aṣọ kúrò lára Màmá Sùúrù, ó sì gbé abẹ́rẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ tó kan ara, mo ní, “Dúró ńbẹ̀. Ta lo fẹ́ gún?” Ó wo ojú mi, ó wo ojú Màmá Sùúrù, ó ní, “Dọ́mì ni, mà.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó da aṣọ bo ìyá àgbà padà, kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kó jáde, kó kan ilẹ̀kùn, kó sì wọlé wá kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà nílé wọn.

Rọ́bà ni Màmá Sùúrù láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn kì í jẹun, wọn kì í wí, inú kì í sì í bí wọn. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ wọ́n lórúkọ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí ikùn wọn, ẹ ó rí àpò tí à ń bu omi sí kí kátítà, ọ̀pá tí à ń fi fa ìtọ̀, lè rí nǹkan fà jáde. Apá ọ̀tún wọn ṣeé yọ. Rọ́bà tóóró ni iṣan tó wà nínú rẹ̀, omi pupa la sì ń rọ sí i, kí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa dírípù síni lára lè mọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá wọlé: pupa á yọ, bó ṣe ń yọ lára ènìyàn. Imú wọn ní ihò tó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, ọ̀nà náà sì pín sí méjì, ọ̀kan sí ikùn, ọ̀kan sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó bá ti ọ̀pá oúnjẹ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, a ó ṣí àyà Màmá kó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹ̀kọ ìbá dà sí.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì tó ogún ọdún tí mo ti di tútọ̀. Challenge ní Ìbàdàn ni ilé mi, takisí Micra ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbé apá Màmá Sùúrù lọ sílé kí n lè lẹ ibi tó ń jò. Nígbà tí mo ń gbé e padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìka márùn-ún yọ jáde lẹ́nu àpò mi. Obìnrin tó jókòó tì mí figbe ta. Awakọ̀ wo gíláàsì ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ yí padà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kó yà wá sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìyágànkú. Àfìgbà tí mo fún un ní apá náà kó fọwọ́ kàn án kó tó gbà pé mi ò pààyàn. Kí ó tó já mi sílẹ̀, ó bi mí pé, “Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ yín ń gún rọ́bà lábẹ́rẹ́, ṣé kò ní gbàgbé pé ènìyàn ló máa gún tó bá yá?” Mo ti ń ronú sí ìbéèrè yẹn láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe kọ́ tèmi. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní 1986, dọ́mì kan ṣoṣo ló wà, apá rẹ̀ kan sì ti gé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tì í mọ́. Ọjọ́ tí àwọn àlejò bá ń bọ̀ láti Èkó ni wọ́n máa ń nù ún lára, tí wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, tí wọ́n á gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì bí ìyàwó tuntun. Ọsàn la fi kọ́ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọsàn, ó kan ènìyàn. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ti abẹ́rẹ́ bọ̀ wọ́n nídìí, ó wọlé dé ìdajì, ẹ̀rù bà mí, mo fà á yọ. Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, tún un gún. Ṣùgbọ́n má gbọ̀n mọ́.” Mo tún un gún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ara wọn ni mo fi kọ́ṣẹ́, àwọn ló dùn, àwọn náà ni wọ́n tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Títí dòní, bí mo bá rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Sùúrù, ohùn bàbá yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Abẹ́rẹ́ ìdí kì í ṣe eré. Iṣan kan wà tí ọpọlọ fi ń bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó nípọn tó ìka ọwọ́, inú ìdí ló sì gbà kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ẹsẹ̀ lè rọ. Nínú àwọn ọmọ tí ẹ ń rí tí wọ́n ń tiro, tí àwọn ará ilé ń sọ pé ibà ló ṣe ẹsẹ̀ wọn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún nítorí ibà náà ni. Ohun tí wọ́n kọ́ àwa ni pé kí a pín ẹ̀gbẹ́ ìdí kan sí mẹ́rin bí ẹni gé búrẹ́dì, kí a gún igun òkè lápá ìta. Lóde òní, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí là ń kọ́ wọn: gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí egungun itan níbi tó ti yọ gọnbu, fi ìka tí o fi ń tọ́ka kan ṣóńṣó egungun ìbàdí níwájú, ya ìka àárín sẹ́yìn, kí o gún àárín ìka méjèèjì. A ní ìdí rọ́bà kan tó ń tan iná. Bí o bá gún ibi tó yẹ, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Bí o bá sún mọ́ iṣan yẹn, pupa á tàn, á sì han gooro. Ọmọkùnrin kan wà tó mú kó han lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òógùn bò ó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìdí rọ́bà dákẹ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án yẹn, kò sí ìyá tó sun ẹkún rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kátítà. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀ tí à ń fi omi fẹ̀ kí ọ̀pá náà má baà yọ. O kò gbọdọ̀ fẹ bọ́ọ̀lù yẹn títí ìtọ̀ yóò fi yọ. Ẹni tó bá kánjú fẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin, inú ọkùnrin náà ló ń ya yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka òfin yìí lórí bí ẹni ka ewì, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ ní kété tí ọkùnrin gidi bá ké “yéè”. Ìdí tí mo fi ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún Màmá Sùúrù àti ẹgbẹ́ wọn ọkùnrin léraléra nìyẹn, títí tí ọwọ́ fi máa dúró de ìtọ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan rò pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọmọlangidi kọ́ṣẹ́. Kí wá ni ọmọlangidi ń ṣe lẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin wa? Ọmọ ọdún mẹ́rin á gbé igi gbígbẹ́ pọ̀n, á fi ọ̀já dì í, á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, á fún un lọ́mú. Ìyá rẹ̀ tó wà nídìí ààrò á kígbe sí i pé, “Orí ọmọ rẹ ti ṣubú sẹ́yìn, gbé e dáadáa!” Kí wọ́n tó pọn àbúrò rẹ̀ gan-an sí i lẹ́yìn, ọrùn ọmọlangidi ti yẹ̀ títí. (Kí ẹnikẹ́ni má fi wé ère ìbejì o. Ìyẹn ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀.) Òyìnbó náà gba ọ̀nà tiwọn débẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, agbẹ̀bí kan tí wọ́n ń pè ní Madame du Coudray fi aṣọ àti awọ rán ìdí obìnrin pẹ̀lú ilé ọmọ, ó sì ṣe ọmọ aṣọ tó ń gba ibẹ̀ jáde. Ní 1759, Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún fún un láṣẹ kó máa gbé e káàkiri ìgbèríko láti fi kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ní 1911, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ilé ìwòsàn Hartford ní Amẹ́ríkà bẹ obìnrin kan tó ń ṣe ọmọlangidi tà, Martha Chase, kó bá wọn ṣe èyí tó ga tó àgbàlagbà. Mrs Chase ni wọ́n ń pe ọmọlangidi náà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: Missis ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní dọ́mì.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Anne. Ní 1960, Asmund Laerdal, ará Norway kan tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ṣe é kí àwọn ènìyàn lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá èémí padà sára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́. Ojú ọmọbìnrin kan tí wọ́n ní ó kú sínú odò Seine ní Paris ló fi ṣe ojú rẹ̀. Títẹ àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ le ju bó ṣe rí nínú sinimá lọ: 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí àyà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó kéré tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ tìmùtìmù. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n rántí ẹni tó ń gún iyán. Apá á nà ṣánṣán, ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ odó á sì gbéra tán pátápátá kó tó padà sílẹ̀. Ìgbéra yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí àyà bá gbéra ni ẹ̀jẹ̀ ń rí àyè kún inú ọkàn padà. Ọmọ kan láti Èkìtì wà lọ́dún kan, ìgbà àkọ́kọ́ tó dé ìdí Anne ló ṣe é pé. N kò bi í ní ohun tí wọ́n ń jẹ nílé wọn.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti University College Hospital (UCH) bẹ̀rẹ̀, oṣù November 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tó kọ́ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas’ ní London, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ métírọ̀n ní UCH. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ènìyàn ti lè gba oyè dìgírì nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́ iṣẹ́ nígbà yẹn máa ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ti mọ gbogbo rẹ̀, pé eré ọmọdé ni dọ́mì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n èmi ti rí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá tó yí bẹ́ẹ̀dì kan ká, tí ẹni tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn bí ẹni ń wo eégún. Aláìsàn tó wà láàárín wọn fi owó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́, ra òwú, ra abẹ́rẹ́. Bó bá ní òun kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé, ta ni yóò bá a wíjọ́?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú yàrá wa ni igun ìgbẹ̀bí. Ikùn rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè so mọ́ra bí ẹni so àpò mọ́ àyà, ọmọ rọ́bà wà nínú rẹ̀, ibi ọmọ wà níbẹ̀, àpò ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni mo máa ń so ó mọ́ra. Mo gbà pé mo máa ń ṣe àṣejù. Mo máa ń ké pe ọkọ mi, mo máa ń di aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ mú, mo máa ń sọ pé n kò bímọ mọ́ láyé. Lábẹ́ aṣọ, ọwọ́ mi ni mo fi ń ti ọmọ jáde. Bí ọmọ bá dé tí kò ké, wọ́n ní ìṣẹ́jú kan péré láti nù ún gbẹ, kí wọ́n ra á lẹ́yìn, kí wọ́n sì fi báàgì fẹ́ èémí sí i nínú. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ la rọ sínú ọmọ rọ́bà náà kó lè wúwo bí ọmọ gidi, kí ọrùn rẹ̀ sì máa yẹ̀. Rọ́bà róbótó kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń fún kí ìwọ́ rẹ̀ máa lù kìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe é dáadáa, mo fún un ní ìró ẹkún. Ẹ wo ojú wọn nígbà tí rọ́bà bá ké! Mo ti rí ẹni tó sunkún nítorí ọmọ rọ́bà tó jí.

Lẹ́yìn ọmọ ni ẹ̀jẹ̀. Zobo la fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Agbẹ̀bí ní láti mọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ bá ti tó ìdajì lítà, wàhálà ti dé. Ìdajì lítà, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Mo da ọ̀rá zobo méjì sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ìró àǹkárá, mo ní kí oníkálùkù kọ iye tó rò sínú ìwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ iye tí kò tó ọ̀rá kan. Aṣọ ti mu ìyókù, ojú kò sì rí i. Obìnrin tó ti pàdánù ìlọ́po méjì ohun tí à ń pè ní wàhálà, àwọn agbẹ̀bí ọ̀la ní kò tíì ṣe nǹkan kan. N kò ní láti bínú sí wọn, àgbà gan-an ń ṣìnà níbẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, láàárín àwọn obìnrin tó lé ní 210,000. Wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fa ìlà sí sábẹ́ ìyá ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sínú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí, pẹ̀lú irú ìdánrawò yìí, láti ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí wọ́n máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ ńlá dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni n kì í da zobo nù láìwọ̀n ọ́n mọ́.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọlangidi yìí ń mí, wọ́n ń ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ló ń darí ọkàn wọn. Owó ọ̀kan lè ra Micra tó máa kún gáréèjì. Mo bá ọ̀kan ṣe iṣẹ́ rí, níbì kan tí n kò ní dárúkọ. A wà lórí rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìlù ọkàn rẹ̀, ni iná bá lọ. Aláìsàn dákẹ́. Ọmọ kan sáré bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ láyà, ẹlòmíràn ní kó fi sílẹ̀, pé jẹnẹrétọ̀ ló lè jí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé Màmá Sùúrù, tí kò mọ iná, ló bá wa mu. Ní 2014, ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì 10 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé wọ́n lè fi yàrá ìdánrawò rọ́pò ìdajì àwọn wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní wọ́ọ̀dù, kí ìmọ̀ wọn má sì dín kù. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tútọ̀ tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà ló dúró ti ọmọlangidi níbẹ̀, kì í ṣe ọmọlangidi nìkan. Ohun tí a tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá padà sórí ọ̀rọ̀ awakọ̀ Micra. Òótọ́ ni, ọwọ́ lè mọṣẹ́ kí ẹnu má mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ní UK máa ń wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé nítorí OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀. Ibùdó mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá sọ orúkọ ara rẹ̀ fún aláìsàn, tí kò béèrè orúkọ tirẹ̀, tí kò gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, máàkì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń bá rọ́bà sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú “Hello, my name is”. Àwọn kan náà ni wọ́n ń tijú àtisọ fún Màmá Sùúrù pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé ara ti ń balẹ̀? Èmi ni nọ́ọ̀sì yín láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi yí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀.” Kì í ṣe pé wọn ò mọ Yorùbá. Wọn ò rò pé ó wà lára iṣẹ́ ni. Nítorí náà, mo máa ń fi ọmọ méjì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì bí ẹbí Màmá: ọ̀kan á máa béèrè èló ni abẹ́rẹ́, èkejì á máa gbàdúrà sókè lórí sírínjì. Ẹni tó bá gbójú fo wọ́n, kó jáde, kó tún ilẹ̀kùn kàn.

Ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tẹ́ mi lọ́rùn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo bá wọn lọ sí wọ́ọ̀dù, ó sì kan án láti gún aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá arúgbó ni, wọ́n dojú kọ ògiri. Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wọn, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Kò fo ìkankan. Ìyá yíjú padà, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ agboolé wo ni ọ́?”

Ó yadi. Sírínjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú mi. Màmá Sùúrù kò bi í ní ìyẹn rí. Mo yíjú sí fèrèsé.

“Ọ̀jẹ́ ni wọ́n bí bàbá mi sí, mà.”

“Ọ̀jẹ́ kẹ̀? Ọ̀jẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá tó bí mi.” Wọ́n ká ìró wọn sókè fúnra wọn, wọ́n sì yí ẹ̀gbẹ́ sí i.